Kí ẹ tó gbé e lọ sórí òkè, ẹ yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wò

Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí ní Sango Ọ̀tà. Bọ̀ọ̀dá kan tó ń ṣiṣẹ́ òru nílé iṣẹ́, ikùn rẹ̀ wú, ẹyinjú rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè, gbogbo ilé ní ibà pọ́njú ni. Nígbà tó yá, ó ń sùn lọ́sàn-án, kò rí oorun sùn lóru, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, orúkọ ọmọ rẹ̀ gan-an ò wá sí i lẹ́nu mọ́. Kíá, àdúgbò ti dájọ́: wọ́n ti ṣe é. Ó di orí òkè.

Mi ò bá aládùúrà jà o. Ọ̀tà ni mò ń gbé, mi ò fẹ́ kí wọ́n lé mi nílùú.

Àmọ́ inú ìfun lọ̀rọ̀ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí tó ń gbé ibẹ̀ máa ń tú ámóníà jáde lára oúnjẹ tí a bá jẹ. Ẹ̀dọ̀ ló ń gbà á, tó ń sọ ọ́ di ohun tí à ń tọ̀ dànù. Bí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tàbí ọtí àti paraga bá ti ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ámóníà á bá ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ. Ibẹ̀ ni ìsọkúsọ ti ń wá.

Ìtọ́jú rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù: inú ni wọ́n ń tọ́jú kí orí tó pé. Lactulose, òògùn olómi dídùn tó ń múni yàgbẹ́, àti rifaximin tó ń dín àwọn kòkòrò yẹn kù. Bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀, iyè ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n àìyàgbẹ́ àti àìmu omi tó máa ń mú un le sí i. Ẹ wá ro ti ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n máa ní kó gbà.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tórí rẹ̀ dàrú ni ẹ̀dọ̀ ń bá jà. Àmọ́ bí ojú bá pọ́n tí ikùn sì wú, ọsibítù ló kàn, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní 2023, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò òfin wèrè ti 1958. Ládùúgbò wa sha, ti 1958 la ṣì ń lò: ẹ dè é ná, ká tó béèrè ohun tó ń ṣe é.

Ìwádìí ìjọba ní 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, bíi mẹ́jọ ló ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B. Ọdún 2004 ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara èyí tí à ń fún ọmọ tuntun nílẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá ti bí yín ṣáájú ìgbà yẹn, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má gbà á rí. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bí kò bá sí níbẹ̀, abẹ́rẹ́ mẹ́ta péré ni.