Oníbodè Ìrora Tí Ń Bẹ Nínú Ọpọlọ Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìgbà mìíràn wà tí ẹni tó wọ bàtà gan-an kì í mọ̀ pé ó ń ta òun. Ọlọ́kadà a ṣubú lójú títì, a dìde fùú, a gbọn eruku aṣọ rẹ̀, a ní kò sí ohun tó ṣe òun. Ó di alẹ́ kí ó tó mọ̀ pé eegun òun ti dá. Kí ló gbé ìrora náà pamọ́ láti òwúrọ̀?

Henry Beecher, dókítà ará Amẹ́ríkà, rí irú èyí lójú Ogun Àgbáyé Kejì. Nínú ìwé tó kọ lọ́dún 1946, ó ní nínú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ gidigidi, àwọn tó ń fẹ́ oògùn ìrora kò tó ìdajì. Kì í ṣe agbára oògùn ìbílẹ̀ kankan. Ọpọlọ ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún 1973, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà àti Sweden rí i pé àyè kan wà nínú ọpọlọ tí mọ́fíìnì, oògùn líle tó ń ti ara oje òdòdó kan wá, máa ń wọ̀ sí bí kọ́kọ́rọ́ ti ń wọ àgádágodo. Ìbéèrè wá dìde: ṣé nítorí oje òdòdó ni Ẹlẹ́dàá ṣe fi àgádágodo sórí ènìyàn? Ó di ọdún 1975 kí John Hughes àti Hans Kosterlitz tó dáhùn rẹ̀ ní Aberdeen, ní Scotland. Nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti rí kọ́kọ́rọ́ tí ara fúnra rẹ̀ ń rọ. Wọ́n pè é ní enkephalin. Èròjà márùn-ún péré tó so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ ni. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n rí àwọn ẹbí rẹ̀ tó ń jẹ́ endorphin.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá ṣèṣe, iṣan á gbé ìròyìn lọ sínú ọ̀pá ẹ̀yìn, kí ó lè ti ibẹ̀ gòkè dé ọpọlọ. Bí ewu bá ń bẹ, ọpọlọ á ránṣẹ́ sísàlẹ̀ pé kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Enkephalin ni oníbodè tó ń jẹ́ iṣẹ́ náà, kí ẹni tó fara pa lè rí ààyè sá àsálà. Ṣùgbọ́n oníbodè kì í to eegun, kì í sì í dá ẹ̀jẹ̀ dúró.

Ìrètí pàápàá máa ń jí oníbodè yìí. Lọ́dún 1978, Jon Levine, Newton Gordon àti Howard Fields ṣe ìwádìí lára àwọn tí wọ́n yọ eyín fún ní San Francisco. Àwọn kan gba ohun tí kì í ṣe oògùn, ara sì tù wọ́n. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní naloxone, tó máa ń dí ihò àgádágodo náà, ìrora wọn tún le sí i. Ìtura wọn àkọ́kọ́ kì í ṣe irọ́, ọpọlọ wọn ló pèsè rẹ̀. Èròjà mìíràn tún wà, cholecystokinin, tó máa ń ba iṣẹ́ oníbodè jẹ́ nígbà tí ẹ̀rù bá gba ọkàn aláìsàn.

Nítorí náà, ẹni tí ọkọ̀ bá gbá, kí ó lọ sílé ìwòsàn, bí ara kò tilẹ̀ ro ó. Ẹni tó sì ń ké nítorí ìrora, ẹ má ṣe sọ pé àṣejù ló ń ṣe, nítorí oníbodè tiwa kọ́ ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tútù bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì wá dókítà fún un. Ọ̀rọ̀ ìtùnú kò lè gba ipò oògùn, ṣùgbọ́n ó ń ran oògùn lọ́wọ́.

Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí Olódùmarè fún wa ní àlàáfíà ara.