Ẹ Má Da Ọ̀dà Tuntun Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀nà Ẹlẹ́sẹ̀ Tó Ti Bàjẹ́

Ẹ̀yin ará Irving, mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ohun tó ń ba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ jẹ́. Amọ̀ dúdú tó wà lábẹ́ agbègbè Dallas yìí a máa wú bí òjò bá rọ̀, a sì máa sún kì bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé. Kọnkéré orí rẹ̀ á sán, apá kan á yọrí, apá kejì á rì. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tó ń bí mi nínú ni èsì tí à ń gbọ́ nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ títún títì ṣe bá délẹ̀, ìbáà jẹ́ Irving Boulevard, ìbáà jẹ́ Main Street: "Ta ló ń fẹsẹ̀ rìn ní Texas? Ẹ sáà da ọ̀dà, kí mọ́tò máa lọ geere."

Ta ló ń fẹsẹ̀ rìn? Láti ìparí ọdún 1996 ni ọkọ̀ ojú irin TRE ti ń já èrò sílẹ̀ ní gúúsù Irving, níbi tí wọ́n ń pè ní Downtown Irving/Heritage Crossing báyìí. Ṣé inú àpò ni àwọn èrò yẹn ń kó mọ́tò wọn sí ni? Àwọn ìyá wa tí a mú wá láti ilé kí wọ́n wá bá wa gbé ọmọ jòjòló ńkọ́? Wọn ò ní ìwé ìwakọ̀, wọn ò sì fẹ́ ẹ; kẹ̀kẹ́ ọmọ ni wọ́n ń tì. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí kò tíì tó wakọ̀ ńkọ́? Ẹni tó wa ọkọ̀ wá gan-an, bó bá ti páàkì tán, ẹsẹ̀ ló máa fi dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ti rìn láti Dùgbẹ̀ dé Gbági àtijọ́ n'Ìbàdàn mọ̀ pé ẹsẹ̀ èèyàn ló ń mú ọjà tà.

Òfin ìrìnnà Texas fúnra rẹ̀ mọ̀ pé a wà. Ó ní níbi tí kò bá ti sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kí ẹlẹ́sẹ̀ gba apá òsì títì, kó kọjú sí mọ́tò tó ń bọ̀. Irú òfin wo ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tí kò sí? Irọ́ ni àwọn tó ń béèrè ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ń pa! Wọ́n jẹ́ kí ọ̀nà bàjẹ́ mọ́ wa lẹ́sẹ̀, wọ́n wá ní àwọn ò rí wa lórí rẹ̀.

A kì í sì í ṣe alágbe nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1990 ni òfin ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ti wà. Ní 1993, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ẹjọ́ kan ní Philadelphia pé bí ìlú bá da ọ̀dà tuntun sí títì, dandan ni kó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí orígun rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ arọ. Ní 2011, àwọn ará Arlington, aládùúgbò wa níbí, gba irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tuntun àti èyí tí wọ́n bá tún ṣe. Ìjọba àpapọ̀ tún là á mọ́lẹ̀ ní 2013 pé ọ̀dà tuntun mú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní dandan, àmọ́ wọ́n ní dídí ojú sísán lásán kò mú dandan náà wá. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti la ojú yín: ẹni tó bá fẹ́ sá fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lè máa lẹ títì lẹ́ẹ̀lẹ́ẹ̀ títí ayé.

Kí ló yẹ ní ṣíṣe? Àkọ́kọ́, kí títì àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà nínú kọ́ńtíráàtì kan ṣoṣo, kí iṣẹ́ sì tò tẹ̀ léra: páìpù omi abẹ́ ilẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti etí títì, kí ọ̀dà ṣìkẹyìn. Bí ọ̀dà bá ṣíwájú, ẹni tó ń bọ̀ wá ri páìpù á tún gé e. Bí wọ́n bá sì da ọ̀dà lé ọ̀dà láìkọ́kọ́ họ ti àtijọ́ kúrò, títì á ga sí i, ẹsẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ á di ọ̀gbun kékeré tí táyà kẹ̀kẹ́ arọ máa kọ́ sí. Owó tí wọ́n rò pé àwọn ṣọ́ ná, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa san án.

Èkejì, ìwọ̀n fífẹ̀ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2023 béèrè ínṣì 48 tó ṣófo fún ẹlẹ́sẹ̀. Ṣíṣófo ni mo wí: òpó iná tó bá dúró ní àárín rẹ̀ ti jẹ ẹ́.

Àwọn ọlọ́jà ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ á lé oníbàárà lọ. Òótọ́ ni, nítorí náà kí wọ́n máa ṣe apá kan títì tán kí wọ́n tó kan ìkejì, kí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù má sì tì lọ́jọ́ kankan.

Ìyókù: igi fún òjìji, iná alẹ́, ìjókòó ní ibùdókọ̀, àkókò tó gùn sí i fún àgbàlagbà láti sọdá. Kí wọ́n má sì di ẹrù àtúnṣe lé onílé lórí bí wọ́n ti ń ṣe ní Dallas.

Bí wọ́n bá gbé àwòrán iṣẹ́ wá síwájú ìgbìmọ̀ ìlú, ẹ lọ síbẹ̀, ẹ béèrè ibi tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ orígun kọ̀ọ̀kan wà. Bí wọ́n bá ní ó di ìgbà mìíràn, ẹ ní kí ọ̀dà náà di ìgbà mìíràn.