Etí Dúdú Lára Aṣọ Sinimá Inú Ilé
Pùròjẹ́tọ̀, ẹ̀rọ tí ń tan àwòrán sára aṣọ funfun, kò lè tan òkùnkùn, nítorí náà ibi tó yẹ kó dúdú nínú fíìmù kì í dúdú ju aṣọ náà fúnra rẹ̀ lọ. Etí dúdú ni yóò gbé ìmọ́lẹ̀ tó bá ta kọjá ààlà mì, tí àwòrán yóò sì fi túbọ̀ yọ lójú. Àrán mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, ṣùgbọ́n ó nípọn jù fún aṣọ tó ń ká wọ inú àpótí: bó ṣe ń yí mọ́ ọ̀pá ni etí yóò máa wú ju àárín lọ, títí aṣọ yóò fi hunjọ. Aṣọ dúdú fẹ́lẹ́ tí kò dán ló sàn jù níbẹ̀. Síbẹ̀, fíìmù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2.39 sí gíga 1 yóò ṣì fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin gíga aṣọ 16:9 sílẹ̀ lófìfo.