Ẹ Ṣe Ọ̀kadà Lọ́ṣọ̀ọ́, Ẹ Fi Dígí Rẹ̀ Sílẹ̀

Ọlọ́kadà tó bá ra Bajaj Boxer tuntun kì í sábà fi í sílẹ̀ bó ṣe ti ilé iṣẹ́ dé. Wẹ́dà á jó irin ààbò mọ́ ọn níwájú, wọ́n á fi awọ aláràbarà bo ìjókòó, wọ́n á kọ àdúrà sára táǹkì. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, ó ń bọ́ ìdílé, ó sì wù wá.

Dígí tí wọ́n ń yọ kí wọ́n lè ráyè kọjá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni a kò fara mọ́. Báwo ni ọlọ́kadà ṣe fẹ́ rí tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn? Ẹ̀yin mẹkáníìkì, bí oníbàárà bá ní kí ẹ yọ ọ́, ẹ kọ̀ jálẹ̀.