Ìṣirò tí kò tán, ẹ kọ ìyókù rẹ̀ sílẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà ní èdè yín, ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ owó pínpín nínú ẹgbẹ́ àgbẹ̀.

Pínpín kan wà tí ó ń tán. Ẹ pín 1 sí ọ̀nà 4: ẹ ó rí 0,25. Kò ku nǹkan kan.

Òmíràn kì í tán. Ẹ pín 1 sí ọ̀nà 3: 0,333... Kí ló dé? Ẹ fi òdo sí 1, ó di 10. 10 sí ọ̀nà 3 jẹ́ 3, ó ku 1. Ẹ tún fi òdo sí i, ó tún di 10, ó tún ku 1. Ìyókù kan náà ló ń padà wá. Nítorí náà, 3 ni a ó máa kọ títí.

Ká ní ènìyàn 30 ta àgbàdo, wọ́n rí 100.000 fàráǹ. Ti ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 3.333,33... Kò tán. Bí akọ̀wé bá wí pé: «Kò pín dọ́gba, kí kálukú gba 3.300», ẹ ṣe ìṣirò náà padà: 3.300 lọ́nà 30 jẹ́ 99.000. 1.000 fàráǹ ṣẹ́kù. Ọwọ́ ta ló wà?

Ní tèmi, ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ ìṣirò tí kò tán. Ìyókù tí a kò kọ ló ń dá ìjà sílẹ̀. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé lójú gbogbo ènìyàn, kí owó náà wọ àpótí ẹgbẹ́. Kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà sì yẹ̀ ẹ́ wò.