Ẹran Iléyá Ò Ba Ìgbàgbọ́ Jẹ́

Ní Òtu, inú agbolé kan náà ni Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ń gbé. Síbẹ̀, àwọn ojúgbà wa kan ti ọgbà yunifásítì dé, wọ́n ní àwọn ò jẹ ẹran Iléyá mọ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn ní Òkè-Ògùn wa níbí. Ní 1821, àwọn jagunjagun tí Mùsùlùmí wà nínú wọn kó o lẹ́rú. Nígbà tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, kò gbẹ̀san. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń bá Mùsùlùmí sọ̀rọ̀. Kódà, “àdúrà” àti “àlùfáà” inú Bíbélì wa, ọ̀dọ̀ Mùsùlùmí ni Yorùbá ti gbà wọ́n.

Ta ló wá ṣẹ àwa tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká gba ẹran, ká dúpẹ́, ká sì gbé ìrẹsì Kérésìmesì fún wọn.