Gbohùngbohùn kò ba jùjú jẹ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú bọ́ọ̀sì 472 láti Thamesmead sí Woolwich, bàbá kan gbọ́ orin tó ń jáde nínú fóònù mi. (Ẹ má bínú, mo gbàgbé ẹ̀rọ etí sílé.) Wọ́n ní, "Ìyẹn kì í ṣe Sunny tiwa. Sunny àwọn òyìnbó nìyẹn." Juju Music ni, àwo tí King Sunny Adé ṣe fún Island Records ní ọdún 1982. Àgbà ni wọ́n, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n mi ò gbà.

Mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Lórí rẹ́kọ́ọ̀dù Èkó ayé ìgbà yẹn, orin lè máa lọ láìdúró títí ojú kan á fi tán. Lórí àwo tí Martin Meissonnier, ọmọ Faransé, bá wọn ṣe yìí, orin méje ló wà, pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù àti gbohùngbohùn bíi ti dub àwọn ará Jàmáíkà. Gìtá á dún, á lọ, á tún padà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ dúró ní mítà 17 sí ògiri kọnkéré gíga kan ní Thamesmead, wọ́n kúkú pọ̀ níbẹ̀, kí ẹ pàtẹ́wọ́. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà á lọ, á bọ̀, láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Téèpù náà lè ṣiṣẹ́ ògiri yìí: orí kan á kọ ohùn sílẹ̀, téèpù á sún síwájú, orí kejì á wá gbé e jáde.

Ṣé ẹ rí i, gbohùngbohùn kì í sọ dò di mí. Ohun tí gángan bá wí náà ló ń tún wí. Ewu ibẹ̀ ni pé bí ohùn bá pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ á máa gun ara wọn, àfi kí wọ́n fi àyè sílẹ̀. Àyè yẹn ni èmi tí wọ́n bí sí Woolwich fi kọ́kọ́ gbọ́ ìlù yàtọ̀ sí gìtá. Kódà pedal steel tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta, ohùn rẹ̀ ń yọ́ wálẹ̀ bí ìgbà tí onígángan bá dẹ ọsán. Tí ẹ bá wá sọ fún mi pé ti òyìnbó ni ẹnu ọ̀nà tí mo gbà wọlé, níbo ni kí n gbà?

Aura ti ọdún 1984 ni mo gbà fún bàbá. Stevie Wonder fun hàmóníkà níbẹ̀, ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ onílù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Onígángan tó fẹ́ fa ọ̀rọ̀ díẹ̀ kò rí ẹni bá a fà á. Lẹ́yìn àwo yẹn, Island fi wọ́n sílẹ̀.

Nígbà tá a dé Plumstead, mo bi bàbá pé kí ni gángan ń wí. Wọ́n túmọ̀ méjì fún mi. Ní ti ẹ̀kẹta, wọ́n ní kí n dá a padà sẹ́yìn, kí àwọn tún un gbọ́.